Sìgá Ló Ń Rùn Kánfọ̀, Ọmọ Mi Ò Ní Lọ sí Èkó

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ó wù mí kí n kúnlẹ̀ kí yín bó ṣe yẹ, àmọ́ ẹ̀yìn ni mo fi ti ilẹ̀kùn, tí mo bá sì dìde wọ́n lè tì í wọlé. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n pákó ni, mi ò fọkàn tán pákó. Àṣàbí jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, ó ń wo ojú mi bóyá màá sunkún. Mi ò sunkún. Àǹtí Ọ̀gá, àbúrò ọ̀gá mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ilẹ̀kùn náà tán báyìí ni. Wọ́n ní kí n ṣí i, mo ní mi ò ṣí. Wọ́n ní mọ́tò ń bọ̀ láti Èkó láàárọ̀ ọ̀la wá gbé ọmọ yìí, kí n yáa ti máa kó aṣọ ẹ̀ sínú báàgì. Mo ní kí mọ́tò máa bọ̀, títì ò ní ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní wọ inú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Làmídì, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú eruku orí ọ̀kadà. Sàfú àbúrò mi, o kú ìtọ́jú Màmá. Gbogbo ará ilé, gbogbo ará àdúgbò, ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ yín níkọ̀ọ̀kan. Àkókò ò gbà mí láyè.

Mo mọ̀ pé fóònù Màmá ò lè ṣí irú ọ̀rọ̀ gígùn báyìí. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú gúrúùpù tí gbogbo ọmọ Àfọ̀n ti máa rí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, kó jọ̀ọ́, kó gbé fóònù ẹ̀ lọ bá Màmá mi níbi tí wọ́n ti ń bó gbágùúdá lẹ́yìn ilé, kó kà á sókè. Kó má fo ibì kankan. Ibi tí mo ti bi Màmá ní ìbéèrè, kó rí i dájú pé kò fò ó, kí àwọn tó bá wà níbẹ̀ náà gbọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ ló gbé wa débí, ìta gbangba ló máa gbé wa kúrò. Ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́. Ìwé kẹta ni mo kà dé, ẹ kúkú mọ̀.

Ilé Bàbá Ọ̀gá ni mo wà níbí ní Ìlaròó, láti ìgbà tí bàbá Àṣàbí ti sọdá sí Kútọnu tí a ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Mo ń gbálẹ̀, mo ń fọṣọ, mo ń dáná. Owó tí mò ń rí níbẹ̀ ni mo fi ń ránṣẹ́ sí yín, òun náà ni àgbò Iléyá tó kọjá yẹn, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí kó má lọ dà bíi pé mo kàn wá jókòó síbí ni. Bàbá Ọ̀gá ò le. Àgbàlagbà ni wọ́n, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti fi ìgbà èwe wọn ṣiṣẹ́, ìyàwó wọn ti kú. Ohun tí wọ́n kó bọ̀ láti ìrìn àjò wọn ni òwò sìgá. Kì í ṣe sìgá tí àwọn ọlọ́kadà ń mu ní páàkì o. Èyí tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ewé tábà gidi ni wọ́n ká bo ara wọn, ó pọ́n bí ilẹ̀ oko wa tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Àwọn olówó ló ń rà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n á wá láti Kútọnu, wọ́n á jókòó ní fàráǹdà, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ eegun lára ẹja.

Ìyàrá tí mo tì mọ́ra yìí gan-an ni ìyàrá sìgá náà. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà níbẹ̀ tó ga jù mí lọ, dígí ni ilẹ̀kùn ẹ̀, pákó inú ẹ̀ ń ta sánsán. Nísàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí, kò tóbi ju rédíò Màmá lọ. Ẹ̀rọ náà ò ní wàhàlà. Ẹ ó da omi sí i nínú, ẹ ó ki wáyà ẹ̀ bọ iná, fáànù kékeré inú ẹ̀ á máa fẹ́ ọ̀rinrin sára àwọn sìgá náà kí wọ́n má baà gbẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bi Bàbá Ọ̀gá pé ṣé ooru ń mú sìgá ni tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní ewé ni, tó bá gbẹ á fọ́ bí èèpo ẹ̀pà, tó bá sì tutù jù á bu bíi búrẹ́dì àná. Wọ́n ní àárín méjèèjì ni kí n máa bá àwọn tọ́jú ẹ̀ sí.

Wọ́n wá fi aago roboto kan hàn mí lẹ́yìn dígí náà, aago tí kì í ka àkókò. Ọ̀rinrin ló ń kà. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé sàmì síbì kan lójú ẹ̀, wọ́n ní tí ọwọ́ aago bá ti yẹ̀ kúrò níbẹ̀, nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní omi inú ike tí wọ́n ń rà nílé oògùn nìkan ni kí n máa dà sí i, torí omi ẹ̀rọ tiwa níbí ní ẹfun nínú, á dí i lọ́fun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú n'Íbàdàn, èmi ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ìyàrá yìí lé lọ́wọ́. Wọn ò fún Àǹtí Ọ̀gá. Wọ́n ní mo ní ojú. Màmá, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ojú tèmi kì í sùn, pé mo máa ń wo nǹkan bí adìyẹ tó ní ọmọ lẹ́yìn.

Àbúrò Bàbá Ọ̀gá lóbìnrin ni Àǹtí Ọ̀gá. Ìgbà tí ìyàwó Bàbá kú ni wọ́n kó wá síbí pé àwọn fẹ́ máa tọ́jú ilé. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá fẹ́ rán mi níṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò náà, ará òkè Ìmẹ̀kọ ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á máa sín ọ̀rọ̀ ẹnu mi jẹ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ní kí n wí, ẹ̀rọ yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù ní Ìlaròó. Mo máa ń kí i láàárọ̀. Òun náà á máa ṣe hùn-ún, hùn-ún. Ó sàn ju ẹni tí kì í dáni lóhùn lọ.

Ọyẹ́ ọdún yìí le o. Ètè Àṣàbí ya, gìgísẹ̀ mi là, òrí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ti tán. Aṣọ tí mo bá sá, kí n tó yí ẹ̀yìn padà á ti gbẹ gan-an bí ẹja pańla. Ṣùgbọ́n inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, bí oṣù Agẹmọ ló rí. Tí mo bá ṣí i láti bomi sí ẹ̀rọ, Àṣàbí á yára ki ojú bọ ibẹ̀, á ní, Màmi, òjò ń bọ̀ níbí. Màá ní kó fi ojú ẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀ kí n tó tì í. Tí ó bá ṣe pé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, mo dẹ́ṣẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Láìpẹ́ yìí mo rí ihò tín-ín-rín lára sìgá kan, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ìyẹ̀fun díẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Mo mọ ìyẹ̀fun yẹn dáadáa, irú ẹ̀ náà ló máa ń wà nísàlẹ̀ àpò ẹ̀wà tí kòkòrò bá ti wọ̀ ọ́. Mo pe Bàbá Ọ̀gá, fóònù wọn ò lọ. Mo sọ fún Àǹtí, wọ́n ní ṣé àwọn ni kòkòrò ni. Ta ló kù tí mo fẹ́ bi? Ẹ̀yin ni mo rántí, Màmá. Mo rántí àpótí onípáànù yín tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí ìró ìgbéyàwó yín wà nínú ẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe máa ń di kánfọ̀ funfun sínú àkísà tẹ́ ẹ ó sì fi sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kòkòrò ò débẹ̀ rí. Nílé wa, nǹkan tó bá ṣe iyebíye, kánfọ̀ la fi ń ṣọ́ ọ. Kò sí obìnrin kan ní Àfọ̀n tó máa gbọ́ ọ táá ní mo ṣe aburú.

Mo lọ ra kánfọ̀. Mo dì í bẹ́ ẹ ṣe ń dì í. Mo fi sí igun kọ́bọ́ọ̀dù, mo wá mú ọ̀kan, mo gbé e síwájú ẹ̀rọ gan-an kó lè lágbára débi gbogbo. Mo tiẹ̀ yin ara mi. Mo ní Bàbá Ọ̀gá á dé, wọ́n á rí i pé mo tọ́jú nǹkan wọn bí ìyàwó ilé gidi.

Màmá, ohun tí mo gbàgbé ni pé àpótí tiyín ò ní fáànù.

Láàárọ̀ òní ni oníbàárà kan dé láti Kútọnu, ọkùnrin sísanra kan báyìí, bọ́ńjùú ló fi kí wa wọlé, mọ́tò ẹ̀ ń dán. Àǹtí Ọ̀gá ní kí n wá ṣílẹ̀kùn ìyàrá, wọ́n fúnra wọn ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n na ọwọ́ bí ẹni tó ń fi ìyàwó han ọkọ. Ọkùnrin náà mú sìgá kan, ó gbé e sí imú. Ó wò ó. Ó tún gbé e sí imú. Ó wá bi Àǹtí ní jẹ́ẹ́jẹ́ pé ẹ dákun, ta ló kú nínú ilé yìí. Àǹtí ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó kú. Ó ní kò burú, pé òun bèèrè ni o, torí ìgbà tí òun gbóòórùn yìí kẹ́yìn, ọjọ́ tí wọ́n wẹ òkú bàbá òun ni. Ó ní èyí tí wọ́n máa fi wẹ òkú tòun náà ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ iwájú, kí ló dé tí òun á wá fowó rà á fà sẹ́nu nísinsìnyí. Dírẹ́bà ẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ògiri mú. Ọkùnrin náà dá sìgá padà sáàyè ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó sùn, ó ní mèsí, ó lọ.

Hùn. Ẹnu tí Àǹtí Ọ̀gá fi bú mi, mi ò ní kọ gbogbo ẹ̀ síbí torí ọmọdé lè wà níbi tí wọ́n ti ń kà á. Wọ́n ní ṣé ìró ni mo rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Wọ́n ní ọjọ́ wo ni sìgá fẹ́ ṣègbéyàwó tí mo ti bá a di ẹrù ìyàwó. Wọ́n ní oko ò tíì kúrò lára mi. Mo kúnlẹ̀, mo dojú bolẹ̀. Mo ní èmi ni mo ṣe é, mi ò sẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá Ọ̀gá dé, ìyà tí Bàbá bá ní kí n jẹ ni màá jẹ.

Ìgbà yẹn ni ojú Àǹtí wálẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó. Wọn ò ní kí n jókòó sórí àga rí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí ò le, pé àwọn á bá mi bò ó mọ́lẹ̀, àwọn á sọ fún Bàbá pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn ń fẹ́ ni kí Àṣàbí lọ bá ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ l'Ékòó, kó lọ máa bá a gbé ọmọ. Wọ́n ní wọ́n á fi sílé ìwé, á máa jẹ búrẹ́dì, á máa wo tẹlifíṣọ̀n.

Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sìgá o. Mo ti rí i tipẹ́. Láti ìgbà tí ọmọ wọn ti bímọ ni wọ́n ti ń fi ojú wọn Àṣàbí bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Wọ́n ra aṣọ fún un, mi ò tọrọ. Wọ́n ní kó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wò, ó gbé e, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí bóyá ó ṣì ń tọ̀ sílé. Gbogbo ẹ̀ ni mo rí, mo ń fi sínú. Kánfọ̀ kàn fún wọn ní ẹnu tí wọ́n fẹ́ fi sọ ọ́ ni.

Mo wá dìde lórí àga náà. Mo ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, eyín iwájú ọmọ yìí ò tíì hù tán, òun fúnra ẹ̀ ni èèyàn ṣì ń gbé, báwo ló ṣe fẹ́ gbé ọmọ ẹlòmíì. Mo ní sìgá ló ń rùn, ọmọ mi ò rùn. Tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ̀san sìgá, kí wọ́n gbà á lára èmi tí mo ra kánfọ̀. Àǹtí ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn kàn ń fi ọ̀wọ̀ tèmi wọ̀ mí ni. Wọ́n ní ẹ̀yin ti gbà.

Kí ẹni tó ń kà á dúró díẹ̀ níbí.

Màmá, ṣé ẹ gbà? Wọ́n ní nígbà tí wọ́n fi fóònù mi kí yín lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n tọrọ Àṣàbí lọ́wọ́ yín, ẹ sì fún wọn. Ṣé ẹ fún wọn ni, àbí ẹ kàn dáhùn bí a ṣe ń dáhùn? Torí mo mọ̀ wá. Tí èèyàn bá ti yin ọmọ wa, a ó ní tiyín náà ni, ẹ máa mú un lọ. Ìwà ọmọlúwàbí nìyẹn, a ò retí kí ẹnikẹ́ni lọ gbé mọ́tò wá. Tó bá jẹ́ ìyẹn lẹ ṣe, ẹ wá sọ ọ́ fún wọn lójú wọn.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fún wọn lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan tí mi ò sọ rí. Mi ò fi bú yín. Ìyá ni yín, orí mi ò gbé e kí n bú yín. Ṣùgbọ́n bí Àṣàbí yìí náà ni mo ṣe kéré nígbà tẹ́ ẹ ní kí n máa bá ìyá aláṣọ yẹn lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ fòrí pa mí lẹ́sẹ̀, ẹ ní ilé ìwé ni mò ń lọ. Mo lọ lóòótọ́, mo dé ìwé kẹta. Nígbà tí ìyá yẹn bí ọmọ mìíràn, ẹ̀yìn mi wá di bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ọ̀rọ̀ ilé ìwé tán síbẹ̀. Ẹ wá kí mi nígbà kan. Ẹ ní mo ti ga, inú yín dùn. Ó wà lẹ́nu mi pé kẹ́ ẹ mú mi lọ, àmọ́ ìyá yẹn jókòó tì wá títí ẹ fi dìde. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ìró yín títí ẹ fi yà ní kọ́nà. Ìró inú àpótí lẹ wọ̀ wá lọ́jọ́ náà. Òórùn kánfọ̀ wà lára aṣọ mi níbi tẹ́ ẹ ti dì mọ́ mi, mi ò jẹ́ kí wọ́n fọ aṣọ náà.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kánfọ̀, Màmá, ẹ ò mọ̀ pé ẹ kọ́ mi. Lójú tèmi, nǹkan tó bá ti ń rùn bẹ́ẹ̀, ìyá ẹ̀ wà nítòsí. Mi ò mọ̀ pé sìgá ò fẹ́ ìyá.

Àṣàbí ò ní dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni kó máa wo ìró mi. Mo ti sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní aláìmoore, tó bá fẹ́ kó ní orí mi ò pé, kó ní mo ń fi ire du ọmọ mi. Tí ìwé bá wà l'Ékòó, ìwé wà ní Ìlaròó, ìwé wà ní Àfọ̀n.

Bí mo ṣe rí i pé Àǹtí ń pe Èkó lórí fóònù pé kí mọ́tò tètè dé, mo gbá ọwọ́ Àṣàbí mú, mo sá wọ inú ìyàrá yìí, torí ilẹ̀kùn tó kù nínú ilé, àwọn ló ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, ti géètì náà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti tì í. Wọ́n ní mo ti ti ara mi mọ́ ọjà ọlọ́jà, wọ́n á pe ọlọ́pàá fún mi. Mo ní kí wọ́n pè wọ́n. Mo ní kí wọ́n pe fijilánté mọ́ ọn, kí wọ́n pe ìmáàmù, kí gbogbo wọn wá wo ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi dí sìgá. Wọn ò tíì pe ẹnì kankan.

Wọ́n tún pa iná ìyàrá yìí láti ìta, wọ́n rò pé òkùnkùn á lé wa jáde. Bí iná ṣe lọ, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Mo kígbe látinú ibí pé Àǹtí o, ẹ̀rọ Bàbá Ọ̀gá ti kú o, sìgá Bàbá ti ń gbẹ o, ẹ̀yin lẹ pa iná o, èmi kọ́! Ẹ ò rí bí iná ṣe yára padà. Àṣàbí rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ewé tábà ló ń ṣọ́ wa báyìí, Màmá. Wọn ò lè fọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rù dígí kọ́bọ́ọ̀dù ń bà wọ́n.

Èrò burúkú kan wá sí mi lọ́kàn pé kí n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà gbayawu, kí n ṣí fèrèsé, kí ọyẹ́ wọlé wá jẹ gbogbo ẹ̀. Mi ò ṣe é. Bàbá Ọ̀gá fọkàn tán mi, Bàbá kọ́ ló fẹ́ gba ọmọ mi. Mo kó gbogbo kánfọ̀ jáde, mo jù ú sí ìta gba àárín irin fèrèsé. Bóyá òórùn ẹ̀ á lọ, bóyá kò ní lọ, mi ò mọ̀. Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́ fún Bàbá tí wọ́n bá dé, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá mi bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Nǹkan kan ló kù tó ń dẹ́rù bà mí, omi ni. Omi tó wà níbí ò ju èyí tí mò ń dà sí ẹ̀rọ, tó wà nínú ike, lọ. Àṣàbí ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo wo ọwọ́ aago, ó ti ń yẹ̀ kúrò lórí àmì. Mo wo ọmọ mi. Mo bù fún ọmọ mi mu. Mo sọ fún ẹ̀rọ pé kó má bínú, ọmọ ló ń kọ́kọ́ mu. Díẹ̀ nínú ìyókù ni mo dà sí i, ọwọ́ aago sì ti ń padà. Èyí tó kù nínú ike ò lè mú àwọn méjèèjì dé ọ̀sán ọ̀la. Tí òùngbẹ bá gbẹ Àṣàbí lẹ́ẹ̀kan sí i tí omi bá ti tán, mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ò ní ṣílẹ̀kùn fúnra ẹ̀.

Torí náà ẹ máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé Màmá sẹ́yìn ọ̀kadà, ẹ fi aṣọ bò wọ́n lẹ́nu nítorí eruku, ẹ gba Ayétòrò wá. Ìlaròó ò jìnnà, ọ̀nà ló burú. Ẹ bèèrè ilé bàbá tó ń ta sìgá ńlá lẹ́yìn ọjà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má kan géètì jẹ́jẹ́, ẹ gbá a kí àdúgbò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí mọ́tò Èkó bá yín níbẹ̀ ni o, kẹ́ ẹ má lọ bá ẹsẹ̀ táyà.

Màmá, tẹ́ ẹ bá gbà fún wọn, ẹ wá fi ẹnu yín náà gbà á padà. Tẹ́ ò bá gbà, ẹ wá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, mi ò ní bi yín mọ́ láéláé, ẹ ṣáà wá. Ẹ sì jọ̀ọ́, ìró inú àpótí ni kẹ́ ẹ wọ̀. Kí òórùn ẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn yìí wọlé kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, mi ò ní bèèrè pé ta ni, màá ṣí i.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọ̀nà nà yín. Táyà ò ní jò, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ, ẹ ó bá wa láàyè, ẹ ó bá wa ní méjì. Ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́, ẹ óò jẹ ti Àṣàbí náà. Mo kí gbogbo ilé, mo kí ẹni tó ń ka èyí, ọmọ tìẹ náà ò ní sọnù mọ́ ẹ lọ́wọ́. Àṣàbí ní kí n bá òun kí Màmá Àgbà, ó ní kẹ́ ẹ bá òun mú ẹ̀pà bọ̀.

Màmá, ẹ má jókòó gbọ́ orúkọ mi tán. Ọ̀bẹ gbágùúdá tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ dìde.

Èmi náà ni,
ọmọ yín, Mọ̀nsúrá.